Omi aró, ẹ̀rọ ósóònù àti káró

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ là ń ṣe ní Adó-Èkìtì. Gọ́tà ni omi aró wa ń bá lọ, àwọn ará àdúgbò sì ti ń kùn. Ẹnìkan fẹ́ ta ẹ̀rọ kékeré kan fún wa tó ń pèsè ósóònù, afẹ́fẹ́ kan bí ọ́síjìn tó ń jẹ ìdọ̀tí, 500 mg/h ló wà lára rẹ̀. Ó ní ósóònù kì í fẹ́ yọ́ sómi, ká da káró (kẹrosíìnì) díẹ̀ sómi náà kó lè gbà á, pé gbogbo ìdọ̀tí ni yóò bọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má da káró sí i o. Ìdọ̀tí ni káró fúnra rẹ̀, ósóònù tó bá sì pàdé oru rẹ̀ lè gbiná. Òótọ́ ni pé ósóònù kì í fẹ́ yọ́ sómi. Nínú ilé ìwádìí, wọ́n lè kọ́kọ́ yọ́ ọ sínú kẹ́míkà olómi tó ní flúórínì, tí ósóònù kò lè jẹ, kó tó kan omi ìdọ̀tí. Owó ìyẹn kì í ṣe ti aláàdìrẹ.

Ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ósóònù máa ń já ìdè tó di àwọ̀ aró mú, omi á sì tètè mọ́ lójú. Ojú nìkan ni. Ká ní dúróòmù yín gba 200 lítà, tí ìdọ̀tí inú lítà kan nílò gíráàmù 1 ọ́síjìn kó tó jóná tán: gíráàmù 200 nìyẹn. Ó kéré tán, ẹ óò lo ósóònù gíráàmù 200. Ó lè tó ìlọ́po mẹ́ta. Ìdajì gíráàmù ni ẹ̀rọ yẹn ń mú wá ní wákàtí kan. Wákàtí 400 ni, ó lé ní ọjọ́ 16, bí wọn kò bá mú iná lọ. Ẹ̀yin náà ẹ mọ iná wa.

Háídírò, kẹ́míkà tó ń mú kí aró yọ́ sómi, tó ṣẹ́kù nínú omi ló sì máa kọ́kọ́ jẹ ósóònù ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ lásán lè ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi igi ro omi náà, tàbí kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àwọn ọlọ́sìn ẹja fẹ́ ẹ, títí àwọ̀ ewé rẹ̀ yóò fi di búlúù. Tó bá sùn mọ́jú, aró á ti rì sísàlẹ̀. Ẹ rọra bu omi òkè. Ẹrẹ̀ búlúù ìsàlẹ̀ lè padà sínú ìkòkò aró.

Kọ́síìkì sódà ṣì wà nínú omi òkè yẹn, álọ́ọ̀mù kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú rẹ̀. Ẹ fi ásíìdì tí ẹ ti bomi là kán an díẹ̀díẹ̀ títí bébà pH, tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn, yóò fi sún mọ́ 7. Ẹ má yára sí èyí: bí háídírò bá ṣì wà níbẹ̀, èéfín tó ń fúnni lọ́fun ló máa yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ dán álọ́ọ̀mù wò nínú ìgò, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì gíráàmù sí lítà kan.

Àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó bá kù ni ósóònù wúlò fún. Ọ́ọ̀sì sílíkóònù ni kẹ́ ẹ lò, torí ósóònù a máa jẹ rọ́bà títí á fi sán. Nígbà òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á dín agbára ẹ̀rọ kù. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Bí òórùn rẹ̀ bá ta sí yín nímú, ó ń jò, ẹ pa á.