Ẹ Béèrè, Ká Dáhùn: Kí Ló Ń Jẹ Owó Nínú Sọ́là?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé lọ́dún kan témi àti ọkọ mi ti ń fowó pamọ́ torí sọ́là, a wá pe oníṣẹ́ méjì kí wọ́n wá wo ilé. Ẹni àkọ́kọ́ kọ pánẹ́ẹ̀lì 400 wáàtì mẹ́ta, ínfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé) 3 kílówáàtì àti bátìrì olómi méjì, 12 fólìtì 200 áńpíà-wákàtí (Ah), ó kọ àpapọ̀ owó sísàlẹ̀, kò kọ nǹkan míì. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta náà lẹnì kejì kọ, àmọ́ ínfátà tiẹ̀ 5 kílówáàtì, bátìrì tiẹ̀ lítíọ́ọ̀mù 5 kílówáàtì-wákàtí, ó kọ wáyà, bírékà àti owó iṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, owó ẹ̀ wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ọkọ mi ní olè ni. Ohun tá à ń lò ò sì pọ̀: gílóòbù mẹ́fà, fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n kan, firíìjì kan, fóònù àti láptọ́ọ̀pù. Èwo ká mú?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ bá mi bẹ ọkọ yín kó ní sùúrù, ẹni yẹn ò jalè. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé nínú àwọn méjèèjì, ó jọ pé kò sẹ́ni tó jókòó bi yín pé wákàtí mélòó lẹ ń lo kiní kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ò bá tíì mọ ìyẹn, kí ló wá fi díye?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ níbí. Gílóòbù LED wáàtì 10 mẹ́fà, wákàtí 5, 300 wáàtì-wákàtí nìyẹn (ẹ fi wákàtí sọ wáàtì di púpọ̀). Fáànù wáàtì 60 méjì, wákàtí 8, 960. Tẹlifíṣọ̀n wáàtì 80, wákàtí 5, 400. Firíìjì tí ò tóbi jù, ká fi sí 1,200 láti àárọ̀ dàárọ̀, torí kì í fi gbogbo ìgbà ṣiṣẹ́, á sinmi á tún gbéra. Fóònù àti láptọ́ọ̀pù, 200. Gbogbo ẹ̀ 3,060 wáàtì-wákàtí lójúmọ́, ìyẹn kílówáàtì-wákàtí 3 àti díẹ̀.

Ní ti pánẹ́ẹ̀lì, 400 tí wọ́n kọ sí i lára, yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, níbi tí ara ẹ̀ ò ti gbóná ju 25 lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Lórí òrùlé, ooru á jẹ nínú ẹ̀, eruku á jẹ, wáyà á jẹ, torí náà 300 ni kẹ́ ẹ máa fi ṣírò. Toòrùn gidi bá wà fún wákàtí 4, ọ̀kan á mú 1,200 wá, mẹ́ta á mú 3,600. Ó tó. Àwọn méjèèjì gbà á níbẹ̀, ẹ sì rí i pé pánẹ́ẹ̀lì kọ́ ló fa ìyàtọ̀ owó.

Alẹ́ lowó ń lọ. Gílóòbù, fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti ìdajì ti firíìjì, 2,260 nìyẹn, bátìrì nìkan ló máa gbé e. Bátìrì olómi méjì yẹn, tẹ́ ẹ bá sọ 12 di ìlọ́po 200 tẹ́ ẹ tún fi méjì sọ ọ́ di púpọ̀, 4,800 ni lórí ìwé, àmọ́ ìdajì ẹ̀ lẹ lè lò tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ìyẹn 2,400. Kò ṣẹ́ kù mọ́ nìyẹn, lọ́jọ́ tójú ọjọ́ bá ṣú báyìí, ẹ máa fà á kọjá ibi tó yẹ ni. Ó ti ṣe mí rí o. Bátìrì olómi tí mo kọ́kọ́ rà, alaalẹ́ ni mo ń lò ó gbẹ torí ẹni tó tà á fún mi ò sọ nǹkan kan, kò pé ọdún méjì tó fi kú, owó tí mo fi ọ̀pọ̀ oṣù kó jọ ni, ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Lítíọ́ọ̀mù ní tiẹ̀, irú tí wọ́n ń pè ní LiFePO4 (ẹ béèrè bóyá òun ni), ẹ lè lo 80 nínú 100 ẹ̀ láìsí wàhálà, nínú 5,000 yẹn 4,000 nìyẹn, ó gbé òru kan ó ṣì kù fún ọjọ́ tí oòrùn ò bá yọ. Olómi tẹ́ ẹ tọ́jú dáadáa á ṣe bí ọdún 3 sí 5. Èyí tó dáa nínú LiFePO4, ẹ lè kún un kẹ́ ẹ sì lò ó ju ìgbà 3,000 lọ, tó bá sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ lẹ̀ ń ṣe é, ó ti lé lọ́dún 8. Tẹ́ ẹ bá wá ra olómi lẹ́ẹ̀mejì láàárín àsìkò yẹn, tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ wò ó fúnra yín, èwo ló wọ́n?

Ínfátà ni mi ò fara mọ́ lọ́wọ́ ẹnì kejì. Gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ kọ yìí, tẹ́ ẹ bá tàn wọ́n pọ̀, kò lè ju nǹkan bíi 500 wáàtì lọ, firíìjì tó bá fẹ́ gbéra á fa ìlọ́po mélòó kan ìwọ̀n tiẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá, síbẹ̀ 3 kílówáàtì ti tó, ó tún ṣẹ́ kù. 5 yẹn wọ́n, ó sì máa ń jẹ iná bátìrì fúnra ẹ̀ mọ́jú kódà tí nǹkan kan ò bá sí lórí ẹ̀. Àfi tẹ́ ẹ bá ń gbèrò páńpù omi tàbí AC láìpẹ́. Ẹ wá rí i dájú pé pure sine wave ni (irú tí iná ẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA), torí modified (tí iná tiẹ̀ kì í lọ geere) ò bá mọ́tò firíìjì àti fáànù lára mu, á máa kùn, á máa gbóná.

Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹnì kejì, ẹ ní kó fi bátìrì sílẹ̀ bó ṣe wà, kó pààrọ̀ ínfátà sí 3 tí fólìtì ẹ̀ bá ti bátìrì mu, kó tún owó kọ. Ti ẹni àkọ́kọ́ dà bíi pé ó pọ́ọ́kú torí kò kọ wáyà, bírékà, irin tí wọ́n fi ń de pánẹ́ẹ̀lì mọ́ òrùlé, earthing (wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀) àti owó iṣẹ́, gbogbo ẹ̀ á sì jáde lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sanwó. Wáyà gan-an kì í ṣe nǹkan kékeré: 1,000 wáàtì lórí bátìrì fólìtì 12, ó lé ní áńpíà 80 tó ń gba inú wáyà kọjá, lórí 48 ó máa jẹ́ 21 péré. Wáyà tínrín lórí 12 lè dá iná sílé.

Ó ku kẹ́tù, ẹ ò dárúkọ ẹ̀ àmọ́ mo mọ̀ pé ó wà. Kẹ́tù wáàtì 2,000 tẹ́ ẹ bá lò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, 1,000 ti lọ, ó ju ohun tí fáànù méjèèjì jẹ mọ́jú. Ẹ má jẹ́ kó dé orí bátìrì.

Ìbéèrè: Sà, mo gbọ́ pé owó pánẹ́ẹ̀lì ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣé kí n ṣì dúró ná?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, láàárín 2010 sí 2020 owó pánẹ́ẹ̀lì wálẹ̀ tó nǹkan bíi 90 nínú 100, ti bátìrì lítíọ́ọ̀mù náà wálẹ̀ gan-an. Àmọ́ owó iṣẹ́, irin àti wáyà ò bá a wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìpín tiwọn nínú owó náà ti wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ sì kọ iye tẹ́ ẹ fi ń ra epo jẹnẹrétọ̀ lóṣooṣù sílẹ̀, ẹ fi oṣù tẹ́ ẹ fẹ́ dúró sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn. Tówó ò bá tíì pé, ẹ bẹ̀rẹ̀ kékeré, àmọ́ ẹ ra ínfátà hybrid (èyí tó ń lo pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì àti iná NEPA pọ̀) tó lè gba pánẹ́ẹ̀lì púpọ̀ sí i lọ́jọ́ iwájú, bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan, ẹ máa fi kún un tówó bá ń wọlé. Tó bá jẹ́ olómi, ẹ má so tuntun mọ́ èyí tó ti gbó o, èyí tó gbó á fa tuntun lulẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé pánẹ́ẹ̀lì àlòkù dáa?

Ìdáhùn: Ó lè dáa. Pánẹ́ẹ̀lì kì í tètè gbó, ohun tó máa ń dín nínú agbára ẹ̀ ò sábà ju ìdajì sí ẹyọ kan nínú 100 lọ lọ́dún, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ló ń fọwọ́ sọ̀yà fún ọdún 25. Ẹ gbé e síta nínú oòrùn kí wọ́n fi mítà wọn fólìtì àti áńpíà ẹ̀ lójú yín, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ bóyá ibì kan ti jóná, kẹ́ ẹ wo gíláàsì bóyá ó sán tàbí omi ti wọ inú ẹ̀. Bátìrì àlòkù ni mi ò ní kẹ́ ẹ rà. Téèyàn bá fi mítà wọ̀n ọ́n lórí tábìlì, fólìtì ẹ̀ á pé, ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé ẹrù lé e lórí lóru lẹ máa tó mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀ mọ́.