Àǹtí, ṣé kí n fi káàdì ilé-iṣẹ́ san gbèsè ara mi?

Àbúrò mi ní Ìtòkú, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. O ní ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ jọ ń ṣe àdìrẹ, pé báńkì fún kọ́ńpìnnì yín ní kírẹ́díìtì káàdì tí ẹ fi ń ra tẹ́rù, aró àti sóódà. Owó ilé-ìwé ọmọ àti gbèsè àwọn áàpù ayánilówó ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọ̀rẹ́ rẹ kan ní Amẹ́ríkà wá ní kí o kó gbogbo rẹ̀ sórí káàdì kọ́ńpìnnì, kí ẹ̀gbọ́n rẹ má sì mọ̀.

Má ṣe é.

Òótọ́ ni pé wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Èèyàn lè kó gbèsè káàdì kan sórí òmíràn, kí wọ́n gba bíi 3% sí 5% gbèsè náà lọ́wọ́ rẹ̀, káàdì mìíràn a sì fún un ní oṣù 12 sí 18 láìgba èlé. Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún náà, òfin 2009 tó ń gba oníkáàdì lọ́wọ́ èlé òjijì kò bo káàdì ilé-iṣẹ́. Wo ìwé tí báńkì fún yín dáadáa. Bí kò bá sí oṣù aláìlélé nínú rẹ̀, gbèsè rẹ ò dín kù o, ilé ló kó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ gan-an lọ̀rọ̀ yìí dùn mí sí. O ní Limited lẹ fi sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Lábẹ́ òfin kọ́ńpìnnì tí wọ́n ń pè ní CAMA 2020, ẹni ọ̀tọ̀ ni kọ́ńpìnnì yẹn. Owó rẹ̀ kì í ṣe tìrẹ, kì í sì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Bó bá sì jẹ́ pé àwọn náà fọwọ́ sí i pé àwọn á san án bí kọ́ńpìnnì ò bá rí i san, orí wọn lo fẹ́ gbé ẹrù rẹ lé láìbéèrè.

Láfún ni ìyá mi ń tà ní Láfẹ́nwá. Etí ìró kan ni wọ́n ń so owó ọjà sí, owó ọbẹ̀ wà ní etí kejì. Ọjọ́ tí owó ọbẹ̀ bá tán, wọ́n á yá lọ́wọ́ aládùúgbò ìsọ̀, wọn ò ní tú etí ti ọjà. Agídí ni mo kà á sí nígbà náà. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ wá wọ́n, tí àwọn míì ò rówó ra ọjà mọ́, ìyá mi rà.

Lálẹ́ òní, tí ẹ bá ti pa ìsọ̀ dé, kọ gbogbo gbèsè náà sórí ìwé, kí o kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú mi, mo ti kó sínú gbèsè.” Bí wọ́n bá gbà láti fún ọ lára èrè tìrẹ ṣáájú, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ọjà. O tún dárúkọ àjọ tó máa kàn ọ́ lóṣù tó ń bọ̀, bí ẹni pé nǹkan kékeré ni! Gbèsè áàpù tí èlé rẹ̀ ń yára gorí èlé jù ni kí o kọ́kọ́ fi owó àjọ náà san, má sì yá tuntun. Lọ bá ilé-ìwé náà, kí wọ́n jẹ́ kí o máa san án díẹ̀díẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ èébú tí àwọn áàpù náà ń fi ránṣẹ́ sáwọn èèyàn inú fóònù rẹ, tọ́jú rẹ̀, kí o sì fi ẹjọ́ wọn sun FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà.

Tí o bá sì ti fa owó kankan lórí káàdì náà kí ìdáhùn yìí tó dé ọwọ́ rẹ, kọ iye rẹ̀ mọ́ gbèsè tó kù lórí ìwé yẹn, kí o tó kúnlẹ̀.