Símẹ́ńtì kọ́ ni oògùn ògiri amọ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a lọ ní erékùṣù kan ní Aguégués, ní orílẹ̀-èdè Benin, ti wà láti ayé Faransé. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, kíláàsì mẹ́ta tò tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn wà níwájú. Ìsàlẹ̀ ògiri ti ń jẹ. Ẹgbẹ́ wa ti dáwó jọ. Ọ̀mọlé kan ní kí a fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ nínú lóde, pé omi ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Ó tún ní oògùn olómi kan tí òun máa pò mọ́ ọn. Àpò símẹ́ńtì mélòó ni yóò tó?

Ìdáhùn: Kò sí ìkankan. Ẹ má ra àpò kan ṣoṣo.

Àbúrò, nígbà tí mo kà dé ibi “oògùn olómi”, mo ní láti gbé ìwé yín sílẹ̀ kí inú mi kọ́kọ́ rọ̀. Oògùn yẹn lè dára fún tánkì omi. Kò mọ nǹkan kan nípa amọ̀.

Ẹ rò pé láti òde ni omi ń gbà wọ ògiri. Ẹ wo ilé náà dáadáa. Àwọn tó kọ́ ọ gbé e lé pèpéle, wọ́n jẹ́ kí òrùlé yọ síta, wọ́n fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba òjò kó má kan ògiri. Fèrèsé dojú kọ fèrèsé, atẹ́gùn ń gba àárín àwọn ọmọ kọjá. Wọn ò gọ̀. Abẹ́ ni omi tiyín ti ń wá. Ilẹ̀ erékùṣù kì í gbẹ, amọ̀ sì ń fa omi bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Omi á gòkè dé orúnkún, nígbà míì dé ìbàdí, atẹ́gùn á fà á jáde lójú ògiri. Níwọ̀n ìgbà tí ojú ògiri bá ń mí, ohun tó wọlé ń jáde, kò sí ìjà.

Ẹ wá fi símẹ́ńtì dí i. Omi ò dẹ́kun bíbọ̀, ẹnu ọ̀nà ló tì. Ó di dandan kó gòkè sí i, kí amọ̀ inú sì padà di ẹrẹ̀. Símẹ́ńtì le, amọ̀ rọ̀, wọn ò jọ ń tẹ̀. Nígbà tó bá yá, símẹ́ńtì á ya, òjò á gba ibẹ̀ wọlé, òun náà ò ní ríbi jáde.

Mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi. Ilé àtijọ́ kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Funfun báláú. Mo fi ìka kan ìsàlẹ̀ ògiri, ó dún bí akèrègbè òfìfo. A yọ igun kan, odindi pẹpẹ símẹ́ńtì ṣí wálẹ̀ bí èèpo búrẹ́dì. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tutù débi pé ọmọṣẹ́ mi fi ṣíbí ìjẹun bù ú. Onílé kàn dúró, kò sọ̀rọ̀. Ọdọọdún ló ń kun ojú ibẹ̀.

Tiyín tún ní iyọ̀ nínú. Láti 1885 tí wọ́n ti la ilẹ̀ sí òkun ní Cotonou, omi òkun ń wọ ọ̀sà wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iyọ̀ á bá omi gun ògiri, omi á gbẹ, iyọ̀ á kù síbẹ̀ bíi lẹ́búlẹ́bú funfun, á máa fọ́ amọ̀ láti inú. Ẹ má fi omi ọ̀sà po ohunkóhun, ẹ má sì wa yanrìn létí rẹ̀.

Amọ̀ ni kí ẹ fi tún amọ̀ ṣe. Ẹ ha èyí tó ti jẹ kúrò. Ẹ kó amọ̀ pupa wá láti òkè, lọ́nà Sàkété, èyí tí wọ́n ń pè ní terre de barre (kì í ṣe “barre” àwọn Faransé o, barro ti àwọn Pọtogí ni, amọ̀ náà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀). Ẹ po yanrìn àti koríko gígé mọ́ ọn, ẹ bò ó fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó di rírẹ́. Ní òkè ọya, omi èèpo irúgbá tí wọ́n sè ni wọ́n fi ń lé òjò lójú ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ fi chaux (ẹfun tí wọ́n fi òkúta sísun ṣe) kùn ún, símẹ́ńtì kọ́ o. Bí ẹnìkan bá ti da símẹ́ńtì sílẹ̀ yí ìdí ògiri ká, ẹ fọ́ ọ, kí ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá kékeré tí omi á máa bá lọ. Ẹ má dúró di àsìkò tí odò Wémè (Ouémé) bá kún, ní nǹkan bí oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá.

Ẹnìkan á ní amọ̀ jẹ́ ti tálákà. Kó lọ wo ààfin alámọ̀ ti àwọn ọba Dahomey ní Abomey tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 1985.

Àmọ́ o, mi ò tíì rí ilé yín. Bí ògiri bá tẹ̀, tàbí bí ibi tó ya bá gba ìka, ẹ kó àwọn ọmọ jáde kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì pe ẹnjiníà wá wò ó lójúkojú. Ilé ìjọba ni, ẹ gba àṣẹ ní mairie (ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀). Kí ẹnikẹ́ni má wí pé èmi ni mo ní kí ẹ tú u.

Ìwé yín ò dárúkọ òrùlé rárá. Ẹ gùn ún wò. Bí páànù kan bá ń jò, ibẹ̀ ni kí owó àkọ́kọ́ lọ. Ẹ ya fọ́tò ìsàlẹ̀ ògiri ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ fi rúlà ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí n lè mọ ibi tí omi gùn dé.