Màmá ti lọ, tannápoṣó wọn ò yé tanná

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ilé wa ò jìnnà sí Tákíẹ̀. Màmá wa kú nínú oṣù kẹta, ẹni ọdún 81 ni wọ́n, gbogbo èèyàn ló ń sọ pé òkú àgbà ni, ká máa dúpẹ́, a sì dúpẹ́ lóòótọ́, a ra aṣọ ẹbí, a pa màlúù, àwọn W.M.U., ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi, wá kọrin, mo jó títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. Àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti kó kánópì lọ, n ò gbádùn. Tí mo bá sunkún, bùròdá mi á ní ṣé mo fẹ́ kí Màmá gbé ilé ayé títí láé ni. Màmá gbin òdòdó síwájú ilé, ìksórà wà, híbísíkọ́ọ̀sì pupa wà, tannápoṣó ló pọ̀ jù. Tó bá ti ń lọ bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí tannápoṣó bẹ̀rẹ̀ sí í là, mo máa ń gbé àpótí síbẹ̀, màá jókòó, màá máa bá Màmá sọ̀rọ̀. Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa rí mi, ó ní ìbọ̀rìṣà ni mò ń ṣe, pé ewé oníṣègùn ni tannápoṣó, kí n hú u dànù. Bùròdá mi náà tún fẹ́ fi íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo iwájú ilé kí ọkọ̀ lè ráyè. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mò ń dá? Kí ni Bíbélì tiẹ̀ sọ nípa òdòdó? Mo sì fẹ́ gbé òdòdó Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìn ìrántí wọn, ṣé ó dáa?
Àbígbẹ̀yìn Màmá, Ogbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, gbogbo èèyàn ti kí ẹ kú ìnáwó, jẹ́ kí èmi kí ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Àwa Yorùbá mọ òkú àgbà ṣe, ìyẹn ò burú, ibi tá a ti ń ṣàṣejù ni pé bí wọ́n bá ti kó àga àti kánópì lọ tán, a rò pé ọ̀fọ̀ náà ti bá wọn lọ. Ọdún 81 ò ní kéèyàn má ṣàárò ìyá ẹ̀. Jésù mọ̀ pé òun máa jí Lásárù dìde láìpẹ́, ó ṣì sunkún, ó wà nínú Jòhánù 11. Ẹsẹ tí wọ́n sì fẹ́ràn láti máa kà fún ọlọ́fọ̀, 1 Tẹsalóníkà 4:13, kò ní ká má banújẹ́, ó ní ká má banújẹ́ bí àwọn tí ò nírètí. Fi han bùròdá ẹ, kó rọra kà á dópin.

Ó ku ọ̀rọ̀ arábìnrin ẹgbẹ́ àdúrà. Ọdún 1898 ni wọ́n ti dá sẹ́mínárì àwọn Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ nílùú yín, kò yẹ kó jẹ́ Ogbómọ̀ṣọ́ la ti máa gbọ́ pé fláwà di òrìṣà! Tó bá jẹ́ torí pé oníṣègùn ń já a, ṣé òun náà ò ní jẹ ewúro mọ́ ni? Tannápoṣó ọ̀hún gan-an, apá ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó máa ń gbóná lọ́hùn-ún ló ti wá, àlejò ni lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ ó níbi tí mo fẹ́ kó o ti ṣọ́ra. Diutarónómì 18 kọ̀ ọ́ pé ká máa wádìí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òkú. Tó o bá jókòó tó o ní "Màmá, ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, àárò yín ń sọ mí", ọkàn tó ń dùn ẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, n ò lè pe ìyẹn lẹ́ṣẹ̀. Tó bá wá di pé ò ń bi wọ́n bóyá kó o ta ilẹ̀ tàbí kó o má tà á, tàbí òdòdó kan ò là lónìí o wá ní Màmá ń bínú, dìde kúrò ńbẹ̀ kíá. Ohun tó o bá fẹ́ sọ fún wọn, sọ ọ́ fún Ọlọ́run.

Bíbélì sọ̀rọ̀ òdòdó dáadáa. Sáàmù 103 ní bí òdòdó ìgbẹ́ lèèyàn rí, atẹ́gùn á fẹ́ kọjá lórí ẹ̀, kò ní sí mọ́. Nínú Mátíù 6, Jésù ní ká wo lílì inú ìgbẹ́, wọn ò ṣiṣẹ́, wọn ò rànwú, síbẹ̀ Sólómọ́nì nínú gbogbo ògo ẹ̀ ò múra tó wọn. Ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń dúró síbẹ̀ yẹn, àmọ́ Jésù tún sọ pé ó wà lónìí, lọ́la wọ́n á gbé e jù sínú iná. Ibi tó ń wọ̀ mí lára jù nìyẹn. Ọlọ́run mọ̀ pé kò ní pẹ́, ó ṣì wọ̀ ọ́ láṣọ tó dáa tó bẹ́ẹ̀. Wo híbísíkọ́ọ̀sì Màmá, èyí tó là lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ á ti ká jọ. Tannápoṣó ní tiẹ̀, alẹ́ kan ṣoṣo, tóòrùn bá ti mú láàárọ̀ ó ti rọ, síbẹ̀ kì í torí ìyẹn dín òórùn dídùn ẹ̀ kù.

Àwọn kan á sọ fún ẹ pé bí tannápoṣó ṣe ń gbẹ nígbà ọyẹ́ tó sì ń hù padà nígbà òjò, àpẹẹrẹ àjíǹde nìyẹn. Ó dùn ún gbọ́, èmi ò kàn fara mọ́ ọn ni. Walẹ̀ ẹ̀ wò, gbòǹgbò tó wú bí iṣu ló wà nísàlẹ̀ ńbẹ̀, kò kú rárá, àmọ́ Màmá kú. Hóró ni Pọ́ọ̀lù mú sọ̀rọ̀ nínú 1 Kọ́ríńtì 15, ó ní ara tó máa jáde kọ́ la gbìn, Ọlọ́run ló ń fún un lára bó ṣe wù ú. Ṣa èso tannápoṣó sọ́wọ́, dúdú, gbígbẹ, bíi hóró ìyèré, ta ló máa wò ó tó máa mọ̀ pé òdòdó pupa fòò ló máa tinú ẹ̀ jáde? Ìrètí wa ò sì dúró lórí fláwà, orí Jésù tó jíǹde ló dúró. Inú ọgbà kúkú ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, Jòhánù 19:41, ibẹ̀ ni Màríà Magidalénì ti ń sunkún tó fi rò pé ẹni tó ń tọ́jú ọgbà ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Ohun tí Jésù bi í ni pé kí ló dé tó fi ń sunkún. Nínú gbogbo àwọn tó wá jẹ àmàlà níbi òkú Màmá, mélòó ló bi ẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ti íńtálọ́ọ̀kì, má bá bùròdá ẹ jà, ilé gbogbo yín ni. Kí tíípà iyanrìn tó dé, bẹ̀ ẹ́ kó fi àyè tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Rọra hú iṣu tannápoṣó, tún un gbìn síbẹ̀, kó o sì ṣa èso ẹ̀ tó ti gbẹ sínú bébà, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù, kó má bàa bu. Ìksórà àti híbísíkọ́ọ̀sì, gé ẹ̀ka wọn gbìn sínú ike péìnì tó o ti lu nísàlẹ̀. Májèlé wà nínú èso tannápoṣó o, má jẹ́ káwọn ọmọdé kó o sẹ́nu.

Òdòdó fún ìsìn ìrántí dáa, kọ́kọ́ bá àwọn tó ń tún pẹpẹ ṣe sọ̀rọ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìsìn àárọ̀ ni, má já tannápoṣó, kí pásítọ̀ tó gun orí pèpéle ó ti pa dé. Ìksórà ni kó o já, gé e nígbà tí ìrì ṣì wà lára ẹ̀, já ewé ìsàlẹ̀ kúrò kó má bàa jẹrà sínú omi.