Lọ́ọ̀kì ìbọn bàbá yín tí wọ́n tú lọ: ẹ má tíì ra òmíràn o

Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú o. Mo ka ohun tẹ́ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì, ó dùn mí gan. Ìbọn àtijọ́ mẹ́fà tí bàbá yín fi sílẹ̀ lára ògiri yàrá wọn l'Abẹ́òkúta, ṣakabùlà mẹ́rin àti Snider méjì (ráífù Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́), ọmọ àbúrò bàbá yín ṣílẹ̀kùn, ó bá a pé wọ́n ti tú lọ́ọ̀kì mẹ́ta (irin ẹ̀gbẹ́ ìbọn tó ń mú kó yìn) lára ṣakabùlà, wọ́n sì ti yọ irin ìdí Snider kan lọ, èyí tó máa ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìlẹ̀kùn kékeré tí wọ́n ń gbà ki ọta sí i. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ẹ ra àwọn pààtì yẹn l'Amẹ́ríkà kẹ́ẹ fún ẹni tó ń bọ̀ nílé ní December, kí alágbẹ̀dẹ bá yín tò ó padà kó tó di ọjọ́ ìrántí bàbá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mo bẹ̀ yín.

Òfin ìbọn wa nílé, Firearms Act ti ọdún 1959, òun náà la ṣì ń lò, ibi tó ti ń sọ ohun tó ń jẹ́ ìbọn, ó ka pààtì ara ìbọn mọ́ ọn. Ìyẹn ni pé lọ́ọ̀kì tẹ́ẹ fẹ́ ki sínú báàgì ẹni ẹlẹ́ni yẹn, ìbọn ni lójú òfin, ẹni tó bá sì gbé e wọ̀lú láìgbàṣẹ, wàhálà ẹ̀ kì í ṣe kékeré ní éápọ́ọ̀tù. Ohun tó ń ṣi àwọn èèyàn wa lọ́nà ni pé l'Amẹ́ríkà níbẹ̀, ìbọn tí wọ́n bá ti ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú ẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ò kà á kún ìbọn bíi ti òde òní, ẹ lè rà á bí ẹni ra àga. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbọn àtijọ́ gan-an ni òfin wa dárúkọ lápá kẹta ìwé tó so mọ́ ọn lẹ́yìn: ṣakabùlà, ìbọn olókùúta, ìbọn oníkápù, gbogbo wọn ló ń fẹ́ láísẹ́ǹsì. Ráífù tí ìwọ̀n ihò ẹnu ẹ̀ kì í ṣe 7.62mm, 9mm tàbí .300 wà lápá kejì, ìyẹn náà ní láísẹ́ǹsì tiẹ̀, mo rò pé ibẹ̀ ni Snider yín máa bọ́ sí torí .577 ni. Ẹ jẹ́ kí n tún fi èyí kún un: tí ìbọn ìléwọ́ kankan bá wà nínú àpótí bàbá tí ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ ẹ̀, kódà kó jẹ́ ti olókùúta ayé àtijọ́, apá kìíní ló wà, lára àwọn tí òfin kà léèwọ̀. Ẹ sọ fún lọ́yà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Torí náà ìwé lẹ máa kọ́kọ́ wá. Láísẹ́ǹsì bàbá dà? Ẹ ní kí ọmọ àbúrò bàbá yín wo inú fáìlì wọn, inú Bíbélì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ sáà mọ ibi táwọn bàbá wa máa ń fi ìwé sí. Tẹ́ẹ bá rí i, orúkọ bàbá ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ohun tá a ń jogún bí ilé, ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú àwọn ìbọn náà lẹ́yìn wọn máa gba tiẹ̀. Tẹ́ẹ ò bá rí i rárá, ẹ wá lọ́yà kí ẹnikẹ́ni tó dé tésàn. Mi ò ní kẹ́ẹ fi nǹkan pamọ́ o, ohun tí mò ń sọ ni pé kí lọ́yà bá a lọ, kó sì jẹ́ òun ló máa ṣàlàyé pé yàrá olóògbé la ti bá àwọn ìbọn yìí, wọ́n ti jí lára ẹ̀, ìdílé sì fẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ ìjọba títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Ẹni tó bá dá lọ láìní ìwé lè lọ fi ẹjọ́ olè sùn kí ó wá di pé òun ni wọ́n ń bi léèrè ìbọn.

Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àwọn ìbọn tó kù. Kò sí nínù, kò sí òróró, kò sí alágbẹ̀dẹ. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa nílé wa ni mo fi ń sọ ọ́ báyìí. Ṣakabùlà bàbá bàbá mi, ó gùn jù mí lọ, wọ́n tú lọ́ọ̀kì ẹ̀ lọ lọ́dún tá à ń kun ilé. Inú bí bọ̀dá mi, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ pé kó rọ òmíràn sí i (ìyẹn gan-an ò bófin mu, torí ẹni tí kò bá gbàṣẹ kò gbọdọ̀ ṣe ìbọn kò sì gbọdọ̀ tún un ṣe, a ò mọ̀ nígbà yẹn), alágbẹ̀dẹ sì ha inú igi ìbọn kí tuntun lè jókòó dáadáa. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ la rí lọ́ọ̀kì gidi lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ra irin kọ̀ndẹ́mù. Mo gbé e dání. Mo yí i padà, mo rí ìlà mẹ́ta kéékèèké tẹ́ni tó ṣe é fi ayùn fà sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n tò tẹ̀léra bí ilà ojú. Ìlà mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó wà nínú igi ìbọn níbi tí lọ́ọ̀kì ń jókòó sí, ìyẹn ni wọ́n fi ń mọ èyí tó jẹ́ ti èyí. Alágbẹ̀dẹ ti ha á dànù. Ọkùnrin yẹn ní kí ló fi hàn pé tiwa ni, a ò lẹ́nu ọ̀rọ̀, bó ṣe lọ nìyẹn.

Ìbọn àtijọ́ tí wọ́n fọwọ́ ṣe, lọ́ọ̀kì ẹ̀ kì í bá ìbọn míì mu. Wọ́n fi fáìlì alágbẹ̀dẹ gbẹ́ ẹ títí ó fi wọ igi tiẹ̀ nìkan, ihò síkúrù ẹ̀ náà tiẹ̀ ni. Nítorí náà igi tó ṣófo lára ògiri yẹn ni ẹ̀rí yín tó lágbára jù, ó ju fọ́tò lọ. Snider lè yàtọ̀, torí àwọn tí iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀rọ ṣe, pààtì wọn máa ń wọ ara wọn, nọ́ńbà àti àmì ara irin lẹ máa gbára lé níbẹ̀: adé, VR (ti Ọbabìnrin Victoria), TOWER, ọdún, ohunkóhun tẹ́ẹ bá rí.

Fọ́tò wá ńkọ́? Ọ̀sán ni kí ọmọ àbúrò bàbá yín yà á, lẹ́bàá fèrèsé, kó gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Inú ihò tí lọ́ọ̀kì ti kúrò, kó yà á títí ìlà tàbí àmì inú ẹ̀ á fi hàn kedere. Kó wo orí síkúrù tó kù náà: tí wọn ò bá fọ́ tàbí ya, ẹni tó tú u ní irin tí wọ́n fi ń tú síkúrù tó bá a mu, ó sì fara balẹ̀, kì í ṣe ọmọ tó wọlé wá jí tẹlifíṣọ̀n. Ó mú lọ́ọ̀kì, ó fi ọ̀pá ìbọn sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ní ìbọn kan níbì kan tí lọ́ọ̀kì ẹ̀ ti bàjẹ́ tàbí kó ní oníbàárà tó ń wá a. Ìbéèrè tẹ́ẹ máa bi ara yín ni ta ló ti wọ yàrá yẹn rí tó mọ ìbọn. Ẹ dẹ̀ wá àwọn fọ́tò àtijọ́, ọjọ́ ọdún, ọjọ́ ìyàwó, ibi tí ògiri yẹn ti wà lẹ́yìn èèyàn.

Ẹ ò ní láti dúró di December kẹ́ẹ tó lọ tésàn. Ẹ ṣe power of attorney, ìwé tó fún un láṣẹ láti ṣojú yín, fún ọmọ àbúrò bàbá yín, kẹ́ẹ bu ọwọ́ lù ú níwájú notary public, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, níbẹ̀ tàbí ní ẹ́ḿbásì wa. Evidence Act ti 2011 fàyè gba èyí tí notary jẹ́rìí sí lẹ́yìn odi. Nínú ìfisùn, kó má kọ "wọ́n jí nǹkan bàbá wa", kó kọ "pààtì ìbọn", kó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, lára ìbọn wo. Ẹ gba police extract, ìwé tí ọlọ́pàá fi ń jẹ́rìí pé ẹ ti fẹjọ́ sùn. Tí wọ́n bá kó ìyókù lọ sí àmọ́rì, ibi tí ọlọ́pàá ń kó ìbọn sí, kí risíìtì ní iye wọn àti ohun tí kò sí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan má baà sọ lọ́la pé odindi lẹ gbé wá.

Ẹ kọ̀wé sí National Commission for Museums and Monuments náà, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Òfin wọn ti 1979 ka iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918, tàbí tí wọ́n ti lò fún ètùtù rí, sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, wọn ò gbọdọ̀ gbé e jáde láìgbàṣẹ wọn. Ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ wa rọ láyé ogun, tí wọ́n ti ta ẹ̀jẹ̀ sí fún Ògún, ó lè wọ ibẹ̀ dáadáa. Ẹ lè lo ID-Art, áàpù tí Interpol, àjọ ọlọ́pàá àgbáyé, gbé jáde ní 2021 sórí fóònù láti kọ àpèjúwe àti fọ́tò wọn sílẹ̀, àmọ́ ọlọ́pàá ìlú ẹni ló ń fi nǹkan sínú àkójọ Interpol fúnra ẹ̀, ìdí nìyẹn tí extract fi ṣáájú. Tẹ́ẹ bá rí i tí wọ́n ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má bá a nájà, ẹ má bú u, ẹ ya ojú ìwé náà pẹ̀lú orúkọ àti déètì, kẹ́ẹ fún lọ́yà.

Ẹ pe ọmọ àbúrò bàbá yín lálẹ́ yìí kó ti yàrá yẹn pa, kó sì mú kọ́kọ́rọ́ dání. Iye ìlà tó bá rí nínú igi yẹn, tàbí bí àmì ibẹ̀ ṣe rí, ẹ má kọ ọ́ síbí o, ẹ má fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù mọ̀lẹ́bí lórí WhatsApp. Ẹni tó gbé lọ́ọ̀kì náà lè wà níbẹ̀ tó ń kà á, fáìlì kékeré ló máa fi pa ìlà yẹn rẹ́.