Gẹ́ẹ̀mù àtijọ́ lè kọ́ ọ ní èdè Japan, ṣùgbọ́n bíírò ni kí o kọ́kọ́ mú

Àbúrò mi tó ní òun ń kàwé ní Gwagwalada, o bèèrè bóyá òótọ́ ni pé èèyàn lè fi gẹ́ẹ̀mù àtijọ́ àwọn ará Japan kọ́ èdè wọn, àti èwo ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni. Èmi fi kọ́ ọ. Àmọ́ oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ tí mo lò nídìí rẹ̀, òfo ló já sí. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún ọ kí o má baà gba ọ̀nà ibẹ̀.

Dragon Quest àkọ́kọ́ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Enix ló gbé e jáde fún Famicom, ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù Nintendo, ní oṣù karùn-ún 1986, Yuji Horii ló sì ṣètò rẹ̀. Gbogbo gẹ́ẹ̀mù náà kò ju kílóbáìtì 64 lọ. Kò sí àyè fún kanji, àmì ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú láti China, nítorí náà hiragana, lẹ́tà tó ń sọ ìró, ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, pẹ̀lú nǹkan bí 20 péré nínú lẹ́tà katakana, irú lẹ́tà ìró kejì tí wọ́n ní. Wọ́n tún fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀ bí àwa ṣe ń ṣe, ohun tí o kò ní rí nínú ìwé ìròyìn wọn. Ẹni tó bá ti mọ hiragana á lè kà á sókè láti ọjọ́ kìn-ín-ní, bí kò tiẹ̀ tíì yé e.

Ẹ̀gbọ́n mi tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Nagoya ló mú tèmi bọ̀, Famicom ti 1993 tó ń lo okùn AV. Gbọ́ èyí dáadáa: iná Japan, volt 100 ni, tiwa, 230. Mo ki àdápítọ̀ rẹ̀ bọ ògiri ní Kubwa, ó sì jóná kí n tó rójú jókòó. Ra step-down, ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù, kó o tó ra gẹ́ẹ̀mù kankan.

Ohun tó ba oṣù mẹ́rin yẹn jẹ́ nìyí. Àṣẹ mẹ́jọ ló wà lójú gẹ́ẹ̀mù náà: hanasu ni kí o bá èèyàn sọ̀rọ̀, shiraberu ni kí o yẹ ilẹ̀ wò, tobira ni ilẹ̀kùn, kaidan ni àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ọjọ́ méjì, ọwọ́ mi ti mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, ojú mi ò sì ka nǹkan kan mọ́. Mo ń jà ṣáá, agbára ẹni tí mo ń darí ń pọ̀ sí i, inú mi ń dùn pé mò ń kọ́ èdè. Ká ní ẹnikẹ́ni ní kí n sọ gbólóhùn kan lédè Japan nígbà yẹn, n kò ní rí i sọ.

Ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Merukido ló là mí lójú. Òmìrán olókùúta kan ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì pa mí títí mo fi gbà pé ìjà kọ́ ni oògùn rẹ̀. Mo padà sẹ́yìn, mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè síwájú, mo ń bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé fèrè ló ń fi òmìrán náà sùn, àti pé inú ilẹ̀ ni fèrè ọ̀hún wà ní abúlé Maira, ní minami ibi tí wọ́n ti ń wẹ omi gbígbóná. Mo wo minami títí. Kí ni minami?

Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Nínú gẹ́ẹ̀mù àkọ́kọ́ yẹn, bí o bá fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀, ó máa kọ́kọ́ bi ọ́ pé ìhà wo lẹni náà wà: kita, minami, higashi, nishi. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí lójoojúmọ́, n kò mọ èyí tó jẹ́ gúúsù nínú wọn!

Èdè Hausa ló bá mi so wọ́n mọ́lẹ̀. Kaduna ni mo dàgbà sí, baálé ilé wa kì í sọ fún ọmọdé pé kó yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Gabas ni yóò ní kó lọ, tàbí yamma, tàbí arewa, tàbí kudu, kódà bí nǹkan ọ̀hún bá wà nínú yàrá. Mo kọ wọ́n sí ìlà mẹ́rin: àríwá, arewa, kita, gúúsù, kudu, minami, ìlà-oòrùn, gabas, higashi, ìwọ̀-oòrùn, yamma, nishi. Bí mo bá ń rìn ní Kubwa, mò ń pè é lẹ́nu: mọ́sálásí yìí kọjú sí higashi, ọjà wà ní nishi mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti wọ̀ mí lára.

Ohun kejì tó kọ́ mi ni ọfọ̀. Gẹ́ẹ̀mù yìí kò lè fi ibi tí o bá a dé pa mọ́. O gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ọba láàfin Radatōmu, kí ọba sì fún ọ ní Fukkatsu no Jumon, ìyẹn ọfọ̀ àjíǹde: hiragana 20, tí wọ́n tò ní márùn-ún, méje, márùn-ún, mẹ́ta. O máa fọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, nígbà tó o bá padà dé, o máa tẹ̀ ẹ́ wọlé. O mọ̀ pé bí a bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè nínú ọfọ̀, kò ní jẹ́. Mo kọ ぬ sípò め. Mo kọ は sípò ほ. Mo gbàgbé ìlà kékeré méjì tó ń sọ ka di ga, tí kò tóbi ju àmì tí àwa ń fi sábẹ́ o kó tó di ọ. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ṣègbé bẹ́ẹ̀. NEPA náà kì í sì í kì wá nílọ̀ kí wọ́n tó mú iná. Mo wá sọ ọ́ di àṣà pé ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan, mo ti dé ọ̀dọ̀ ọba, mo kọ ọfọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo kà á sókè kí n tó pa á. Hiragana kò tún rú mi lójú mọ́ láti ìgbà náà. (Apá kejì gẹ́ẹ̀mù náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọfọ̀ tirẹ̀ lè tó 52.)

Inú ìwé kan náà ni mo wá ń da ọ̀rọ̀ àwọn ará abúlé kọ sí, gbólóhùn mẹ́wàá lójúmọ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń ka ti àná kí n tó tan tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ará abúlé ló kọ́ mi lédè, ìjà kò kọ́ mi ní nǹkan kan.

Ibi tí o ti máa ṣọ́ra wà o. Nínú gẹ́ẹ̀mù yìí, bí o bá ti sọdá afárá, àwọn ẹ̀dá ọ̀hún-ún máa ń lágbára ju ti ìhín lọ. Mo rí はし, hashi, nínú ìkìlọ̀, igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun ni mo sì mọ̀ ọ́n sí. Afárá náà, hashi ni. Kanji ni ì bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lójú ìwé. Hiragana nìkan dà bí Yorùbá tí wọn kò fi àmì sí: o rí owo, o ní láti wo ọ̀rọ̀ tó yí i ká kó o tó mọ̀ bóyá owó ni, òwò ni, tàbí ọwọ́. Ní Tokyo, ohùn igi ìjẹun bẹ̀rẹ̀ lókè ó sì wálẹ̀, ti afárá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ó sì gòkè. Etí ọmọ Yorùbá á tètè gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n gẹ́ẹ̀mù yìí kò lóhùn èèyàn nínú. Wá ibòmíràn tí o ti máa gbọ́ wọn.

Èyí tó sì ń dùn mí títí dòní ni omae. Nínú àwọn gẹ́ẹ̀mù tí mo ṣe lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀ ni akọni àti ọ̀tá ń pe ara wọn. Mo sọ ọ́ sí bàbá ará Japan kan tó wá wo iṣẹ́ omi tí mo wà nídìí rẹ̀. Ó dákẹ́. Ẹni tó bá a wá ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ṣàlàyé fún mi. Bí ìgbà téèyàn ń pe àgbàlagbà ní “ìwọ” ló rí. Èmi tí wọ́n fi “ẹ” tọ́ dàgbà! Mo tọrọ àforíjì, ó sì gbà. Orúkọ èèyàn pẹ̀lú san, tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fúnni, ni kó o máa lò, kí gbólóhùn rẹ sì máa parí sí desu tàbí masu, ìparí ọ̀rọ̀ tó ń fi ọ̀wọ̀ hàn. Washi tí ọba àti àgbààgbà ń pe ara wọn nínú gẹ́ẹ̀mù, mọ̀ ọ́n, má fi sọ̀rọ̀.

Má sì pẹ́ jù nínú hiragana nìkan. Kanji tí ìjọba wọn kà sí ti ojoojúmọ́ jẹ́ 2,136, èmi sì fi ọdún kan sá fún wọn. Lẹ́yìn Dragon Quest, wá Pokémon Black tàbí White ti 2010, èyí tó jẹ́ kí o yan kana (hiragana àti katakana) tàbí kanji fúnra rẹ. Chrono Trigger ti 1995 dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kanji rẹ̀ kéré lójú, ìlà wọn sì máa ń wọnú ara wọn, nítorí náà fi í sílẹ̀ di ìgbà tí o bá ti mọ bíi 500.

Kọ́ hiragana ná, ọ̀sẹ̀ méjì tó. Tí o bá ti parí rẹ̀, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo ní step-down kan tí n kò lò mọ́, o lè wá gbé e ní Kubwa.