Ewé àti ẹyẹ orí àdìrẹ ẹlẹ́kọ: ṣé àmì kọ̀ọ̀kan ló ní ìtumọ̀?

Ìbéèrè: Mo ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya ewé àti ẹyẹ sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró. Ẹnì kan ní gbogbo ilà tó wà lára rẹ̀ ló ní ìtumọ̀ tó fara sin. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ má wá àdììtú sí ìdí ilà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ojú àwọn ìyá aládìrẹ ń rí láyìíká wọn ni wọ́n ń yà, orúkọ tí wọ́n sì sọ odindi aṣọ ló ń gbé ìtumọ̀ rẹ̀. Èyí tí ẹyẹ kún inú rẹ̀, Ẹyẹ Pé ni wọ́n ń pè é: gbogbo ẹyẹ ti pé jọ. Òmíràn ń jẹ́ Olókun, òrìṣà òkun tó ni ọrọ̀. Ẹni tó bá ró o, ọrọ̀ ló ń tọrọ. Kì í sì í ṣe ohun inú igbó nìkan ni wọ́n ń yà. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, n'Ìbàdàn, ló wà lára aṣọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, ṣíbí sì wà láàárín àwọn òpó náà.

Ní tèmi, ewé ẹ̀gẹ́ ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo wọn. Ẹ wo ewé náà lóko, bí ìka rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe yà láti ojú kan ṣoṣo. Ìyẹ́ adìyẹ tàbí ẹyọ ìgbálẹ̀ ni aládìrẹ ń tì bọ inú ẹ̀kọ, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì rọrùn fún irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti fà. Ìdí nìyí tí ewé yìí fi bá ọwọ́ wọn mu. Ẹ̀kọ ọ̀hún náà, láfún ni wọ́n fi ń sè é, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sí i. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ya ewé ẹ̀gẹ́! Ewé èlú àti omi eérú ni wọ́n sì fi ń ṣe aró tí wọ́n ń ri aṣọ náà sí. Bí aṣọ bá jáde nínú ìkòkò, á kọ́kọ́ dà bí àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ ló máa sọ ọ́ di àwọ̀ aró. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún yọ ọ́, títí yóò fi dú dáadáa. Ibi tí ẹ̀kọ wà ni aró kò ní ráyè wọ̀ tán. Iṣẹ́ obìnrin ni, Ìyá Mápó sì ni òrìṣà tó ń dáàbò bò wọ́n.

Ti àdìrẹ oníko yàtọ̀: ìko ni wọ́n fi ń so aṣọ, ojú ibi tí wọ́n bá so ni yóò di òbìrí bí òṣùpá.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi ya tiyín, ẹ fi ewé kan wé èkejì. Bí wọ́n bá rí bákan náà láìyẹ̀, páànù tí wọ́n gé ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ tí àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta mọ̀ dáadáa. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, tí ilà rẹ̀ sì nípọn níbìkan tó tín-ín-rín níbòmíràn, ọwọ́ èèyàn ló yà á. Ní Ìbàdàn ni irú iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ jù. Kí ẹ sì béèrè orúkọ aṣọ náà lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gbé e lọ bá àwọn àgbà aládìrẹ ní ọjà Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta.